Igbó Wa Ti Kún

Bí a bá ní ká ka àwọn tó lẹ́nu nílé Máàmé Akua ní Fante New Town ní Kumasi, Sùwéébátù ìyàwó Múdàṣírù ni a ó kọ́kọ́ kà, a ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohùn rẹ̀ tó ohùn èèyàn méjì. Ìṣó, àgádágodo àti irin ìdè ilẹ̀kùn ló ń tà fún àwọn káfíńtà ní Anloga Junction. Ẹni tó bá ti ń bá ẹ̀rọ ìlagi du ọ̀rọ̀ sọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fún ogún ọdún, kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Bó bá ní òun fẹ́ sọ àṣírí kan fún ọ, tètè gbà pé gbogbo àdúgbò ni ẹ jọ máa gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àtìní kan lọ́dún 1991, ó ti ọjà dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó sì rí i pé koríko ti fẹ́ pa ìṣápá rẹ̀. Ìṣápá yẹn kì í ṣe ohun eré. Ìyá rẹ̀ ló di irúgbìn rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí Sùwéébátù, àtìgbà náà ni wọn kò sì jẹ́ kó parun. Ó dúró láàrin agbo ilé, ó ké sí ọkọ rẹ̀ nínú yàrá:

"Bàbá Sàbírátù, igbó wa ti kún o. Ẹ jẹ́ ká gé e ní Àlàmísì kí òjò tó dé."

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́nu Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, igbó ni igbó: ibi tí ejò ń gbé, ibi tí a ń fi àdá sán. Ewé tí àwọn ìpáǹle ń fà bíi sìgá, wíì ni gbogbo Gáná ń pè é, látorí ṣọ́jà dórí ọmọ jẹ́léósinmi. Sùwéébátù kò gbọ́ ọ rí pé ó tún ní orúkọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n Yaw gbọ́ ọ rí. Ọmọ Àṣáńtì ni Yaw, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó ti gbé Èkó fún ọdún mẹ́rin, ó ń lẹ táyà lábẹ́ afárá, kí ìjọba Nàìjíríà tó lé wọn lọ́dún 1983. Nǹkan méjì ló gbé bọ̀: rédíò tí kò sọ̀rọ̀, àti Yorùbá tí kò dákẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kò lè kà ju ogún lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ afárá ló kó wálé láìku ẹyọ kan. Lábẹ́ afárá, igbó kì í ṣe ibi tí ejò ń gbé. Igbó ni ohun tí wọ́n ń wé mọ́ bébà, tí wọ́n ń ṣáná sí, tí ojú fi ń pọ́n. Igbó mìíràn kò sí nínú ìwé Yaw.

Ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Sùwéébátù gba ojú fèrèsé wọlé. Igbó wa ti kún. Ẹ jẹ́ ká gé e. Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú àgbọ̀n rẹ̀ lọ.

Inú bí Yaw, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àdúgbò. Òfin tuntun lórí wíì ti dé láti Accra, ọdún ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá kà á sókè yóò jókòó kó tó parí. Oṣooṣù ni Yaw ń fọwọ́ sí ìwé pé kò sí ẹni tó gbìn ín nílé yìí. Sùwéébátù fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Ṣé kì í ṣe oṣù tó kọjá ni gbogbo ayálégbé jókòó sí agbo ilé yìí tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n gbà kí èèyàn gbin ẹyọ kan, ẹyọ méjì, sẹ́yìn ilé ara rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń kùn nímú. Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ rọra béèrè látẹ̀yìn pé bó bá wá jẹ́ arúgbó kan ńkọ́, tí kò tà á fún ẹnikẹ́ni, tí ara ń ro. Sùwéébátù kò tiẹ̀ jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ó ní arúgbó wo? Ó ní ẹni tó bá gbin wíì sílé, ìbáà jẹ́ bàbá tó bí òun, kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì sọ kọ́kọ́rọ́ sínú odò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Máàmé Akua onílé pàtẹ́wọ́ jù, nítorí akpetéṣì ló ń tà níwájú ilé, ògógóró ìlú Gáná, dírọ́ọ̀mù méjì, ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ògiri nínú gíláàsì, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun mìíràn máa pa èèyàn bí ọtí nínú ọgbà òun. Múdàṣírù ní "Hẹ̀n," ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi.

Obìnrin tó sọ̀rọ̀ báyẹn ló wá ń kígbe pé igbó òun ti kún. Yaw nu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó gba ọ̀dọ̀ Máàmé Akua lọ.

Ní Àlàmísì, Sùwéébátù kò lọ sí ọjà. Ó gbé àdá, ó wọ ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì sán ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ nígbà tí Yaw yọ, ọlọ́pàá kan tẹ̀ lé e, Máàmé Akua tẹ̀ lé ọlọ́pàá, gbogbo ayálégbé sì tẹ̀ lé Máàmé Akua. Kọ́púrà ni ọlọ́pàá náà, ọmọ àríwá ni, láti ọ̀nà Bolgatanga, ó sanra níwọ̀nba, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Yaw fẹ́ kí Kọ́púrà mọ̀ pé òun gbọ́ èdè. Ó bú sí Yorùbá:

"Màmá, igbó yẹn dà? O ti gé e tán?"

Ohun tó kọ́kọ́ dun Sùwéébátù ni "o" yẹn, kí ọmọ ogójì ọdún máa wo ojú òun tó ti lé ní ọgọ́ta kó máa ní "o". Ó na àdá sílẹ̀.

"Igbó rè é. Ìdajì ni mo tíì gé. Ṣé ẹ wá bá mi gé e ni?"

Yaw yíjú sí Kọ́púrà, ó tú u sí Twi, èdè Àṣáńtì. Ó ní màmá ti jẹ́wọ́. Ó ní wíì náà rè é, ó ti kórè ìdajì, ó sì ní kí ọlọ́pàá wá bá òun kórè ìyókù. Kọ́púrà ní láyé òun, òun kò tíì rí ọ̀daràn tó ń wá alágbàṣe lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Nígbà tí Sùwéébátù gbọ́ wíì nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun kan gun orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa: Twi Sùwéébátù dán mọ́rán, ó lè fi dín owó, ó lè fi bú káfíńtà. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí i dé ìwọ̀n kan, Twi náà á sá lọ, Hausa á tẹ̀ lé e, Yorùbá nìkan ló máa ń kù pẹ̀lú rẹ̀. Yorùbá ọ̀hún ló dà lé wọn lórí. Ó béèrè bóyá ọtí ni Yaw mu àbí ọtí ló mu Yaw. Ó ní ìṣápá tí ìyá òun fi tọ́ òun, tí òun fi tọ́ Sàbírátù títí ó fi lọ sílé ọkọ ní Santasi, ìyẹn ni ẹni tó ń lẹ táyà wá ń pè ní wíì. Ó ní bí ojú bá ń ṣe é, kó lọ lẹ ojú.

Yaw tú u pé màmá kò ní àbámọ̀ kankan.

Ni àwọn ayálégbé bá gba ẹjọ́ dá. Wọ́n ní ẹ wo ewé rẹ̀, ṣé kò ní ìka bí ìka ọwọ́ ni. Ẹnìkan ní òun rí àwòrán rẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́, bákan náà ni. Máàmé Akua ní láti ìgbà ààwẹ̀ ni òòyì ti ń kọ́ òun bí òun bá gba ibẹ̀ kọjá, òun sì ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Obìnrin kan tó ti bẹ Sùwéébátù lẹ́ẹ̀mẹta fún ewé yìí láti fi se ọbẹ̀ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Kọ́púrà sún mọ́ ìdí ewé náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Gbogbo ilé ń retí kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ojú rẹ̀ kò pọ́n. Ó yípadà, ó rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ojú ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

"Ó kan," ni ó wí. "Yákùwá ni. Yákùwá ni ìyá mi ń sè."

Yákùwá, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìṣápá nìyẹn. Sùwéébátù ju àdá sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí òkè, ó ní Ọlọ́run ò sùn. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Yaw. Ohun tó sọ fún un gùn, n kò ní lè kọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe bí i, ó gba Èkó kọjá, ó sì tún padà sí bí wọ́n ṣe bí i. Ó ní kí Yaw lọ gbé afárá rẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín. Yaw ń wo ilẹ̀. Máàmé Akua ti ń rìn ní ìrìn ẹ̀yìn.

Inú Sùwéébátù wá dùn débi pé Twi rẹ̀ padà dé, ó sì di ọlọ́rẹ.

"Kọ́púrà, ọmọ mi, wọ inú rẹ̀. Já a fún ìyàwó rẹ. Àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri lọ́ùn-ún ló tutù jù."

Kọ́púrà dúpẹ́. Ó bọ́ fìlà, ó sọ ọ́ di agbọ̀n, ó wọ inú ìṣápá lọ, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń já a, pọ́, pọ́, pọ́. Nígbà tó dé ìdí ògiri, pọ́ náà dúró.

"Màmá," ni ohùn rẹ̀ wí látinú ewé.

Ó jáde. Ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bá àwọn tó wà nínú fìlà mu. Ìka méje ló ní, gbogbo etí rẹ̀ rí wúruwùru bí ayùn, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Kọ́púrà ní òun ti tọ́ èyí náà wò. Kò kan.

Sùwéébátù wo ewé náà, ó wo Yaw, ó rò ó wéré, ó rí ìdáhùn: Yaw ló lọ rì í síbẹ̀ láti fi kó bá òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mú àdá. Yaw sá sẹ́yìn Máàmé Akua, Máàmé Akua sá sẹ́yìn Yaw.

"Kì í ṣe Yaw. Èmi ni."

Múdàṣírù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, agégi ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, gẹdú bọ́ lórí ọkọ̀ ní Anloga, ó bà á ní ìbàdí, látọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ń kírun lórí àpótí, tí kò lè rúkúù, tí kò lè forí kan ilẹ̀. Àfi láti bí oṣù mẹ́jọ ni ìbàdí náà ṣàdéédéé tú. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń forí kanlẹ̀, ó ń dìde. Sùwéébátù ti sọ fún gbogbo Fante New Town pé ìpara òun ni, òrí tó fi ata ilẹ̀ pò, tó fi ń ra á ní ìbàdí láràárọ̀. Ó ti bù ú fún aládùúgbò mẹ́ta. Kò sí èyí tó san fún nínú wọn, ó sì ti ní ìgbàgbọ́ wọn ló kéré.

Múdàṣírù ní igi mẹ́ta ni. Ó ní òun kì í fà á bíi sìgá. Ó ní òun ń sè é ni, òun ń mu omi rẹ̀ ṣáájú ìrun Àsùbá, kò sì sí ẹnì kan láyé tí òun fún.

Sùwéébátù ń wò ó. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ òfin ló máa kọ́kọ́ sọ, tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

"Ìpara mi ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ wo ọ̀run. "Ìyá Sàbírátù, má bínú. Ìpara yẹn, ó kàn ń ta mí ni."

Kọ́púrà béèrè ohun tí bàbá sọ. Yaw, tí ẹ̀mí rẹ̀ ti padà bọ̀, tú u pátá, igi mẹ́ta, omi, Àsùbá, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Kọ́púrà mí kanlẹ̀. Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní bẹ́líìtì rẹ̀ bí ẹni tí ń tú ẹrù tó wúwo, ó ní òfin ni, ó dun òun. Ó ní bàbá yóò bá òun lọ. Ó wá ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó ní ta ló ni ilé yìí, nítorí òfin fẹ́ gbọ́ tẹnu onílẹ̀ pẹ̀lú. Ó sì ní ta ni akọ̀wé tó ń fọwọ́ sí i lóṣooṣù pé ilé yìí mọ́, kí òun náà gbé bàtà rẹ̀.

Máàmé Akua kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Wíì wo?" ni ó wí. Ó ní èyí? Ó ní yákùwá ni, yákùwá ńlá, òjò ọdún yìí ló pọ̀ tó fi ya ìka. Ó ní òun fúnra òun ti jẹ ẹ́, ó kan. Obìnrin tí kò mọ ewé náà rí lẹ́ẹ̀kan wá mọ̀ ọ́n, ó ní ó dára pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Ẹni tó rí àwòrán nílé ìfìwéránṣẹ́ ní àwòrán ìṣápá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ilé tó búra ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn pé wíì ni ìṣápá ló ń búra báyìí pé ìṣápá ni wíì.

Yaw ní tirẹ̀ di ọ̀mọ̀wé. Ó ní kí Kọ́púrà má bínú, Yorùbá jinlẹ̀, òun kò tú u dáadáa. Ó ní bàbá kò sọ pé òun gbìn ín, bàbá ní òun gbà á láyè. Ó ní igbó pàápàá, tí òun wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, tí ènìyàn bá wò ó dáadáa, ibi tí ejò ń gbé ni.

Ó yẹ kí Sùwéébátù dákẹ́. Ọ̀nà ti là. Ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tí kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n kó tó dá, gbogbo ilé sì ń purọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ló bí i nínú ju ẹ̀sùn lọ. Ó bọ́ síwájú, Twi ti sá, Hausa ti sá.

"Ẹ dákẹ́ irọ́. Wíì ni. Ọkọ mi ló gbìn ín. Ó lé ní ọdún méje tó fi jókòó sórí àpótí níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́. Ilé ìwòsàn kọ oògùn fún un, a wá oògùn títí, kò sí. Ó wá rí ewé kan tó jẹ́ kó forí kan ilẹ̀, ẹ ní ẹ̀wọ̀n. Ta ló lù? Ta ló jà lólè? Akua, ẹni tó mu nínú dírọ́ọ̀mù rẹ ní Sátidé, ìwájú ilé yìí ló ti ṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ lápá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké, ìwé àṣẹ wà nínú gíláàsì, kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá gbìn ín. Mo sọ ọ́, ẹ pàtẹ́wọ́. Ìbàdí kò dun èmi lọ́jọ́ náà ni."

Nígbà tó dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ já. Èyí tí ẹ̀rọ ìlagi kò lè ṣe fún ogún ọdún.

Kọ́púrà wo Yaw. "Kí ni ó wí?"

Yaw ní màmá ń kí wọn.

"Ó na ọwọ́ síwájú ilé, síbi dírọ́ọ̀mù ọtí."

Yaw ní màmá ní kí wọ́n wá mu nǹkan.

"Mo gbọ́ wíì. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Yaw ní wíì, ní Yorùbá, òótọ́ ni. Ìyẹn ni pé, bí Yorùbá bá ní nǹkan jẹ́ òótọ́, á ní wíì ni.

Kọ́púrà wo Yaw pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó mú ìwé ìròyìn dání. Ó wo Sùwéébátù tó ń fi ìdí ìró nu ojú. Ó wo Múdàṣírù, tó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí ìbàdí sì ti ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìdúró ti pẹ́ jù. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ń pè é bó ṣe ń kọ ọ́: yákùwá, ògbufọ̀ ti jẹ́rìí. Ó dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sí bẹ́líìtì. Ó wá fi Twi sọ fún Sùwéébátù, láìwo ojú rẹ̀, pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ òun yóò tún kọjá níbí, òun kò sì fẹ́ rí yákùwá oníka méje nínú ilẹ̀ ọgbà yìí. Ó gbé fìlà rẹ̀ tó kún fún ìṣápá, ó lọ tòun ti orí ìhòòhò nínú oòrùn.

Kò sẹ́ni tó kúrò lójú ibẹ̀. Wọ́n ń retí kí Sùwéébátù fà á tu. Ó wọ inú ìṣápá lọ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀, Máàmé Akua sì ní Ọlọ́run ṣeun. Nígbà tó jáde, ó gbé igi kan dání tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò já, ó gbé e sọ sínú garawa ìwẹ̀ kan tí ìdí rẹ̀ ti lu. Ó padà lọ wa ìkejì. Ó wa ìkẹta, ó kó wọn pọ̀ sínú garawa náà.

Máàmé Akua ní kí ni èyí. Sùwéébátù ní ilẹ̀ ọgbà ni Kọ́púrà wí, garawa ni èyí, inú yàrá tí òun ń sanwó rẹ̀ ló sì ń lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pe ọlọ́pàá padà, kó kọ́kọ́ lọ yọ dírọ́ọ̀mù níwájú ilé.

Sùwéébátù ń fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí àwọn igi náà, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, kò gbójú sókè. Ó ní oṣù mẹ́jọ. Ó ní oṣù mẹ́jọ ni òun fi ń gún ata ilẹ̀, ọwọ́ òun ń ta, ẹ̀ ń ní Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san rere, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín òun nínú. Ó ní kí òun má rí i pé ẹ fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mu, kí òun má rí kí ọmọdé kankan sún mọ́ ọn. Ó ní ẹ bu omi wá. Múdàṣírù ní hẹ̀n, ó lọ bu omi.

Garawa náà wúwo. Sùwéébátù gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbé e. Yaw ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó la ẹnu, ó ní, "Màmá, mo ní kí n..."

"Di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú," ni Sùwéébátù wí. "Má sì bá mi sọ Yorùbá."